Láti Orí Àdá dé Orí Ẹ̀rọ Adáṣiṣẹ́: Ìtàn Koríko Gígé ní Onípáànù àti Agbègbè Rẹ̀

Ẹni tí ó bá gba òpópó Ìkòròdú kọjá ní Onípáànù kì í kọ́kọ́ rí koríko. Ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá ni ọkọ̀ èrò, ìsọ̀, ilé alájà tí wọ́n fara ti ara wọn, àti òrùlé páànù tí òjò ọdún púpọ̀ ti sọ di pupa. Bí ó bá sì yà sí ìhà Ṣómólú, ìró ẹ̀rọ àwọn òǹtẹ̀wé ni yóò máa gbọ́. Síbẹ̀, koríko kò tán ní agbègbè náà. Ó wà ní pápá CMS Grammar School ní Bàrígà. Ó wà ní Igbóbì College. Ó wà ní ọgbà ilé ìwòsàn àwọn oníṣègùn egungun ní Igbóbì. Ó sì tẹ́ lọ rẹpẹtẹ ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà. Nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní oṣù kẹrin, koríko àwọn ibi wọ̀nyí kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà tí a ti dá irú ọgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni ìbéèrè kan náà ti ń kojú àwọn tí ó ni wọ́n: ta ni yóò gé koríko náà, kí ni yóò fi gé e, èló ni yóò náni, ara ta ni yóò sì san gbèsè rẹ̀? Ìbéèrè kò yí padà. Ìdáhùn ni ó ń yí padà. Àdá ni ó kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ̀rọ tí a ń tì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ èjìká ni ó sì gba ipò lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ní àkókò yìí ẹ̀kẹrin ti dé sí ẹnu ọ̀nà, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ agékoríko adáṣiṣẹ́, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní róbọ́ọ̀tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kà á sí ohun ìṣeré àwọn olówó. Bí a bá fi ara balẹ̀ wo ìtàn àwọn mẹ́ta tí ó ṣáájú rẹ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju eré lọ, àti pé nínú ọgbà tí ó ní odi, ó sàn ju àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, bí a kò bá gbàgbé ẹni tí ó ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà.

Ní ayé àtijọ́, Yorùbá kì í gbin koríko sí àgbàlá. Gbígbá ni a ń gbá àgbàlá, kí ilẹ̀ lè mọ́ kí ó sì le, kí ejò má lè fara pamọ́, kí ọmọdé sì lè rí ibi ṣeré òṣùpá. Ilé tí koríko bá hù sí lẹ́nu ọ̀nà, ilé ahoro ni, tàbí ilé ẹni tí kò ní ènìyàn. Èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. A ń ro oko, a ń ṣán igbó, a ń bẹ́ koríko fún ẹṣin; oúnjẹ, ọ̀nà, tàbí ẹran ọ̀sìn ni ó ń bẹ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ènìyàn dá koríko sí, kí ó sì tún máa gé e kí ó lè dọ́gba nítorí ẹwà nìkan, èrò àlejò ni.

Èyí kò fi hàn pé koríko kò níyì. Koríko ni òrùlé. Ní Ọ̀yọ́, bẹẹrẹ ní àjọ̀dún tirẹ̀, tí àwọn ará ìlú a máa ru koríko náà wá fún Aláàfin gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀, kí a lè fi tún òrùlé ààfin bò. Ẹni tí ó ru ìtí bẹẹrẹ wá sí ààfin kò ru ohun yẹpẹrẹ. Ìtẹríba ni ó rù wá. Ìgbà tí páànù onírin bẹ̀rẹ̀ sí wọ Èkó láti òkè òkun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lọ́wọ́ koríko. Páànù kì í tètè gbiná, kì í jẹrà, a kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ilé tí a fi páànù bò di ilé àpèwò, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè fi páànù pe ènìyàn àti àdúgbò. Ohun tí orúkọ Onípáànù ń sọ kò fara sin fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Ibi tí a ti ń gé koríko nítorí pé a kò fẹ́ ẹ mọ́ ń jẹ́ orúkọ ohun tí ó gba ipò lọ́wọ́ koríko.

Bí koríko ti ń kúrò lórí ilé ni ìjọba àwọn òyìnbó ń sọ ọ́ di ọ̀tá lórí ilẹ̀. Ní ọdún 1861 ni Èkó bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1897, Ronald Ross fi hàn ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé kòkòrò ibà. Nígbà tí William MacGregor di gómìnà Èkó ní ọdún 1899, òun tí ó jẹ́ oníṣègùn, ó dojú kọ ẹrẹ̀ àti omi ìdàgún, ó la omi tí a fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní, ó sì fẹ́ kí kìnínì dé ọwọ́ funfun àti dúdú bákan náà. Ní ti òótọ́, koríko kò bí ẹ̀fọn. Omi ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ṣùgbọ́n koríko gíga a máa bo agolo àti kòtò tí omi dá sí, ẹ̀fọn a sì máa sinmi nínú rẹ̀ lọ́sàn-án. Nítorí náà ni kí a gé koríko ṣe wọ inú òfin ìlera.

MacGregor kò fẹ́ kí a ya ibùgbé funfun kúrò lára ti dúdú, ṣùgbọ́n àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Lábẹ́ Lugard, tí ó jẹ́ Gómìnà Àgbà láti ọdún 1914 sí 1919, àṣẹ jáde pé kí ilẹ̀ tí kò ní ilé, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó yáàdì 440, máa wà láàrin ibùgbé àwọn òyìnbó àti ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè wà lásán kí ó má di igbó. Pápá koríko ni ó bá a mu jù. Báyìí ni koríko gígé ṣe di àmì ipò. Ẹni tí koríko rẹ̀ kúrú tí ó sì dọ́gba ni ẹni tí ó ní àwọn tí yóò gé e fún un. Àwọn tí wọ́n sì ń gé e náà kò jìnnà: ẹlẹ́wọ̀n ni púpọ̀ nínú wọn, tí wárdà ń kó lọ sí ọgbà àwọn ìjòyè ìjọba pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, àti lébìrà tí ń gba owó ojúmọ́.

Ní àdúgbò àwọn ọmọ onílẹ̀, wolé-wolé ni ó ń gbé òfin náà rìn. Bí ó bá wọ agbo ilé, yóò wo ìkòkò omi, yóò wo ṣáláńgá, yóò wo koríko ẹ̀yìnkùlé. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku mú wá sí Èkó láàrin ọdún 1924 sí 1930 mú kí agbára wọn pọ̀ sí i, Dókítà Isaac Ládiípọ̀ Olúwọlé sì ṣe gudugudu méje láti tún iṣẹ́ wọn tò. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù wolé-wolé ti wọ ọkàn ará Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń lé kúrò nílé ikú ni. Ọ̀nà kan náà ni ìjọba ológun tọ̀ nígbà tí ó gbé ogun ti ìwà àìlétò ní ọdún 1984 àti 1985, tí gbogbo ènìyàn fi ní láti dúró ní àdúgbò wọn títí di agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ Sátidé tí ó parí oṣù, kí wọ́n lè gbá gọ́tà kí wọ́n sì ro koríko. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2016 ni a fòpin sí ìsémọ́lé ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ibi tí koríko ti wọ ọkàn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé, ilé ẹ̀kọ́ ni kí a lọ. Igbóbì College bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1932. CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1859, kó wá sí Bàrígà ní ọdún 1959. Ilé ìwòsàn Igbóbì ti wà láti ọdún 1945, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa nínú ogun àgbáyé nílò ìtọ́jú. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962. Lẹ́yìn òmìnira, ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní pápá kò tó ilé ẹ̀kọ́ lójú àwọn òbí. Orí pápá koríko ti Race Course ní Èkó náà sì ni àsíá Nàìjíríà ti gòkè ní ọdún 1960. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Yorùbá ní àkókò náà, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, mọ àdá bí ó ti mọ pẹ́ńsù. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, wọ́n á pín in fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ a gba ìpín tirẹ̀, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ní kíláàsì a gba tirẹ̀.

Èyí ní ohun rere nínú, nítorí ó kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Ó sì ní àbùkù tí a kì í sábà sọ. Ìgbà tí a bá sọ iṣẹ́ di ìyà, ọmọ a kórìíra iṣẹ́ náà títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, a sì máa fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wo ẹni tí ó fi í jẹun. Ohun tí ẹlẹ́wọ̀n ń ṣe ní ọgbà ìjòyè, òun náà ni ọmọ aláìgbọràn ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́. Ta ni yóò wá bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ń gé koríko? Àìmọye ọmọ ni ó sì ní àpá àdá lójúgun tàbí lẹ́sẹ̀. Àdá kò mọ ọlọ́wọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá tí ń ju àdá láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìrì òwúrọ̀ wà nínú ewu, òun àti ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n gbé àṣà pápá koríko wá kò bí ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ inú ayé wọn. Títí di ọdún 1830, dòjé gígùn ni wọ́n fi ń gé koríko ní ilẹ̀ wọn, ní àfẹ̀mọ́jú, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ìjòyè tí ó lè gba lébìrà púpọ̀ nìkan ni ó lè ní pápá tí ó dán. Ní ọdún 1830 náà ni Edwin Beard Budding, ọlọ́gbọ́n ẹ̀rọ kan ní agbègbè Stroud, ronú sí ẹ̀rọ tí àwọn ahunṣọ fi ń fá irun ojú aṣọ òtútù kí ó lè jọ̀lọ̀. Ó rò pé bí abẹ yíyípo bá lè fá ojú aṣọ, yóò lè fá ojú ilẹ̀. Ó gba àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1830. Ilé-iṣẹ́ Ransomes ní Ipswich bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1832. Lẹ́yìn náà, ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí fa ẹ̀rọ ńlá, a sì máa wọ bàtà awọ fún ẹṣin kí pátákò rẹ̀ má bàa tẹ ilẹ̀ lójú. Ní ìparí ọ̀rúndún náà ẹ̀rọ tí ń lo ooru omi dé, Ransomes sì gbé ẹ̀rọ tí ń lo pẹtiróòlù jáde ní ọdún 1902.

Àyípadà yìí ní ẹ̀kọ́ nínú. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ Budding gé koríko dáadáa nìkan. Ó mú pápá koríko kúrò lọ́wọ́ àwọn ìjòyè nìkan, ó sì fi í sí ọwọ́ olùkọ́, akọ̀wé àti oníṣòwò kékeré. Àwọn tí ń fi dòjé ṣiṣẹ́ pàdánù ipò wọn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ koríko pọ̀ sí i, nítorí pé pápá pọ̀ sí i. Bákan náà ni ó rí ní ọdún 1971, nígbà tí George Ballas, ará Houston ní Amẹ́ríkà, rí búrọ́ọ̀ṣì yíyípo ní ibi tí a ti ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀, tí ó sì ronú pé okùn ìpẹja tí ń yí kíákíá yóò lè gé koríko ní ìdí igi. Láti inú irú èrò yìí ni ẹ̀rọ agbékọ́jìká ti gbilẹ̀, èyí tí ó wá di ọba láàrin àwọn agékoríko ní Èkó.

Ìdí tí ó fi jọba kò ṣòro láti rí. Ilẹ̀ wa kì í dọ́gba. Ẹ̀rọ tí a ń tì a máa kọ́ òkúta, a sì máa há nínú koríko tí ó ti dé orúnkún. Agbékọ́jìká kò bìkítà fún gegele tàbí kòtò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè gbé e láti ilé dé ilé, kí ó sì rí owó oúnjẹ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí gbin òdòdó àti koríko sí ojú títì lẹ́yìn ọdún 2007, tí ó sì dá ilé-iṣẹ́ LASPARK sílẹ̀ ní ọdún 2011 fún ìtọ́jú ọgbà àti igi, iṣẹ́ yìí tún gbòòrò sí i. Òpópó Ìkòròdú, tí ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ ní ọdún 2008 láti Máìlì Kejìlá dé CMS, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí a ti lè rí àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e. Epo ọlọ́rọ̀ ni a ń pò mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, èéfín tí ó ń tú jáde kò sì jìnnà sí imú òṣìṣẹ́. Ariwo rẹ̀ ń wọ etí rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ìgbà gbogbo kọ́ ni ó sì ń ní ìbòtí. Bí ó bá fi irin sí i dípò okùn, òkúta tí irin náà bá ta lè fọ́ ojú rẹ̀, ó lè fọ́ gíláàsì ọkọ̀, ó sì lè bá ọmọ tí ń kọjá. Ní California, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ ṣírò rẹ̀ pé wákàtí kan péré tí ẹ̀rọ agékoríko pẹtiróòlù ti àwọn alágbàṣe bá fi ṣiṣẹ́, ìdọ̀tí tí ó ń tú sí ojú ọ̀run tó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìgbàlódé tí ó rìn tó nǹkan bí máìlì 300. Nítorí èyí ni ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òfin ní ọdún 2021 pé láti ọdún 2024, kí a má ṣe tà irú ẹ̀ńjìnnì kékeré bẹ́ẹ̀ ní tuntun mọ́. Ní ilẹ̀ wa, òfin kọ́ ni ó kọ́kọ́ fìyà jẹ ẹ̀ńjìnnì náà, owó ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fi sí orí pẹtiróòlù dópin. Lítà kan tí kò tó naira 200 ṣáájú àkókò náà ti súnmọ́ naira 1,000 ní Èkó kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tí ń gé koríko kò lè fi gbogbo ẹ̀kúnwó yìí lé orí oníbàárà rẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń jáde nínú oúnjẹ ọmọ rẹ̀.

Nínú ipò yìí ni ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ ti yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Èrò rẹ̀ kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1969 ni ẹ̀rọ kan tí ó ń jẹ́ MowBot jáde ní Amẹ́ríkà, tí ó lè gé koríko láìsí ẹni tí ó dì í mú. Ní ọdún 1995, Husqvarna ti ilẹ̀ Sweden gbé ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ kan jáde tí ó ń lo agbára oòrùn nìkan. Ìtàn ilé-iṣẹ́ yìí dùn mọ́ni: ní ọdún 1689 ni a dá a sílẹ̀, ìbọn ni ó sì kọ́kọ́ ń ṣe fún ọba. Yorùbá tí ó mọ̀ pé ọ̀kan náà ni Ògún tí ó ni idà àti Ògún tí ó ni ọkọ́ kò ní ṣe kàyéfì pé ilé tí a ti ń rọ ìbọn ni ó wá ń rọ ohun tí a fi ń tọ́jú ọgbà.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé ènìyàn. Ó kéré, ó sún mọ́lẹ̀ bí alábahun, bátìrì ni ó ń lò. A ó ri wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí pápá, kí ẹ̀rọ náà lè mọ ààlà rẹ̀. Àwọn tuntun a máa gba àmì láti ọ̀dọ̀ satẹláìtì, tàbí kí wọ́n fi ojú ẹ̀rọ wo ọ̀nà. Abẹ kéékèèké bíi ti abẹ ìfárí ni ó wà lábẹ́ rẹ̀; bí ẹnikẹ́ni bá gbé e sókè, wọ́n á dúró lójú ẹsẹ̀. Bí agbára bátìrì rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, yóò padà sí ibùdó rẹ̀ láti gba iná, yóò sì tún jáde. Kì í dúró kí koríko ga kí ó tó gé e. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gé orí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Inú ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ yìí ni àǹfààní rẹ̀ tí ó tóbi jù wà. Bí a bá jẹ́ kí koríko dé orúnkún kí a tó gé e mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdí rẹ̀ a pọ́n, oòrùn a jó o, èpò a sì gba àyè. Èyí tí a ń gé ní orí lójoojúmọ́ a máa nípọn, a sì máa bo ilẹ̀. Èérún tí ẹ̀rọ náà ń gé kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń wọ inú ilẹ̀ lọ, tí ó sì ń di ajílẹ̀. Kò sí òkìtì koríko tí a ó kó, kò sì sí èyí tí a ó dáná sun. Ẹ̀kejì ni ìdákẹ́jẹ́. Ní ilé ìwòsàn, níbi tí aláìsàn fi egungun sínú símẹ́ńtì, àti ní ilé ẹ̀kọ́ ní àkókò ìdánwò, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ohun afẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé kò sí èéfín, kò sí òkúta tí ń fò lọ fọ́ ojú, kò sì sí ọmọ tí yóò gba àpá àdá. Ẹ̀kẹrin ni owó: ó wọ́n láti rà, ṣùgbọ́n iná tí ẹ̀rọ kékeré ń jẹ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ kò ju ti gílóòbù kan ti àtijọ́ lọ, nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ń béèrè pẹtiróòlù ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀.

Àwọn tí kò gbà ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣeé tì sẹ́yìn. Wọ́n ní iná kò dúró ní Èkó, owó rẹ̀ sì ti gòkè. Òtítọ́ ni, nítorí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, iná àwọn tí a fi sí ìpele kìn-ín-ní di naira 225 fún ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó lè dúró de iná kò dàbí ẹ̀rọ tí ó gbọ́dọ̀ rí iná nísinsìnyí. Bí iná bá dé ní òru, yóò gbà á, bí kò bá dé, páálí agbára oòrùn kan tó o. Wọ́n ní olè yóò gbé e. Ẹ̀rọ náà ní nọ́ńbà àṣírí, a sì máa ké bí a bá gbé e. Síbẹ̀ kò sí ohun tí ń dènà olè bí odi àti ọdẹ. Nítorí náà, kì í ṣe ojú òpópó Ìkòròdú ni ibùgbé rẹ̀. Inú ọgbà tí ó ní odi ni. Wọ́n ní kò lè gé ìdí igi àti etí gọ́tà. Òtítọ́ ni, ọwọ́ ènìyàn ni yóò parí ìyẹn. Wọ́n ní ó ń pa ẹranko kéékèèké. Èyí pẹ̀lú kì í ṣe irọ́: ní Jámánì, ìlú Köln fi òfin de e ní òru ní ọdún 2024, nítorí ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tí kì í sá bí ewu bá dé, ṣùgbọ́n tí ń ká ara rẹ̀ jọ. Ọ̀pọ̀lọ́ àti ìgbín tiwa kò yára ju ìyẹn lọ. Ọ̀sán ni kí ó máa ṣiṣẹ́, nígbà tí kò bá sí ọmọdé lórí pápá.

Èyí tí ó wúwo jù nínú gbogbo àríyànjiyàn náà ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká. Bí ẹ̀rọ bá ń dá koríko gé, kí ni òun yóò máa jẹ? Ìdáhùn kò jìnnà sí Onípáànù. Ó wà ní ìsọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú. Àwọn wọ̀nyí ti bá iṣẹ́ wọn la àyípadà púpọ̀ kọjá. Ayé kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ayé àwo títẹ̀ dé. Ayé kọ̀ǹpútà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó jókòó ti lẹ́tà òjé rẹ̀ tí kò fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn bá iṣẹ́ náà nù. Ẹni tí ó kọ́ tuntun mọ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ìwé sì ń jáde ní Ṣómólú ju ti ìgbà lẹ́tà òjé lọ. Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà kìlọ̀ pé àyípadà kì í ṣàánú ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Àwọn tí ń fi dòjé gé koríko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìpín nínú èrè Budding. Bí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn kan ní agbègbè yìí bá ra ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́, tí ó sì lé agékoríko rẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì, ohun méjì ni yóò pàdánù. Yóò pàdánù ènìyàn tí ó mọ ibi tí omi ń dá sí, ibi tí gbòǹgbò ti yọ, àti ibi tí ejò ń gbà. Láìpẹ́, ẹ̀rọ náà yóò há, kò ní sí ẹni tí yóò tú u sílẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí agékoríko náà di olùtọ́jú ẹ̀rọ: kí ó máa pààrọ̀ abẹ, kí ó máa ri wáyà, kí ó máa nu páálí oòrùn, kí ó máa gé etí tí ẹ̀rọ kò lè dé, kí ó sì máa gbin òdòdó tí kò tí ì ráyè gbìn rí. Ẹnì kan náà lè tọ́jú ẹ̀rọ fún ọgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí owó rẹ̀ sì ju ti àtijọ́ lọ.

Bí a bá wá wo gbogbo ọ̀nà tí koríko ti tọ̀ láti ìgbà bẹẹrẹ dé òní, a ó rí i pé irin tí a fi ń gé e kọ́ ni ó yí padà jù, bí kò ṣe ojú tí a fi ń wò ó. Ó jẹ́ òrùlé àti ìtẹríba. Ó di ibùba àrùn. Ó di àmì ipò. Ó di ìyà ọmọ aláìgbọràn àti iṣẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ mú ìyà náà kúrò nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá lò ó kò ní rí koríko fi jẹ ọmọ níyà mọ́, yóò sì ní láti wá ọ̀nà mìíràn láti kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́, bóyá nípa fífi èso àti ewébẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀ dípò àdá. Àwọn ọgbà olódi tí ó wà láàrin Onípáànù, Bàrígà àti Akọkà kò pọ̀ jù fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Pápá kan, ẹ̀rọ kan, àti agékoríko kan tí a kò lé lọ, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.